Ìyọ̀ǹda Orí Fáìlì Kò Tó: Bí Kernel Linux Ṣe Ń Ṣọ́ Dísìkì

Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2004, ìyọnu dé bá àwọn tó ń fi Linux kọ orin sórí CD nílé. Wọ́n gbé kernel tuntun, 2.6.8, sórí kọ̀ǹpútà wọn, ni cdrecord tí wọ́n fi ń kọ CD bá kọ̀, kò ṣiṣẹ́ mọ́. Àfi kí èèyàn wọlé gẹ́gẹ́ bíi root, ọ̀gá pátápátá tí kernel kì í dá dúró, kí CD tó lè kọ. Inú bí wọn, wọn ò sì jẹ̀bi, nítorí ohun tó ṣiṣẹ́ lánàá ló kọ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kí àwọn tó ń ṣe kernel gbé ìgbésẹ̀ yẹn wúwo ju ìbínú náà lọ. Kó tó dìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tí a bá yọ̀ǹda fún láti ka CD lásán lè rán àṣẹ tó bá wù ú sí ẹ̀rọ tó ń ka CD ọ̀hún, títí kan àṣẹ tó ń kọ nǹkan mìíràn lé firmware rẹ̀ lórí, ìyẹn pírógíráàmù inú ẹ̀rọ náà tó ń darí rẹ̀. Ẹ̀rọ tí firmware rẹ̀ bá sì ti bàjẹ́, ó di kí wọ́n gbé e dànù.

Láti ọjọ́ yẹn títí di òní, ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni Linux ń kọ́ lórí ọ̀rọ̀ dísìkì, ó sì ti kọ́ ọ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ẹ̀kọ́ náà ni pé kò tó kí kernel mọ ẹni tó wá. Ó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ẹni náà wá sọ, kó sì mọ irú ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́ fún.

Kernel ni pírógíráàmù tó dúró láàárín àwọn pírógíráàmù yòókù àti àwọn ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà. Pírógíráàmù tí ẹ fi ń kọ lẹ́tà kì í fọwọ́ kan dísìkì fúnra rẹ̀. Kernel ló ń bá a gbé ọ̀rọ̀ lọ, òun náà ló ń gbé èsì bọ̀, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé òun ló wà nípò láti gbà tàbí láti kọ̀. Unix, tí Ken Thompson àti Dennis Ritchie bẹ̀rẹ̀ ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1969, fi àṣà kan lélẹ̀ tí Linux jogún: ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ̀rọ máa ń hàn bíi fáìlì lábẹ́ /dev. Nítorí náà, ìyọ̀ǹda tí a fi ń ṣọ́ fáìlì la tún fi ń ṣọ́ ẹ̀rọ. Bí ẹ bá tẹ ls -l /dev/sda, irú ìlà yìí lẹ máa rí:

brw-rw---- 1 root disk 8, 0 /dev/sda

Lẹ́tà b tó ṣáájú ń sọ fún wa pé ẹ̀rọ tí a ń kà ní bùlọ́ọ̀kù bùlọ́ọ̀kù ni. Lẹ́tà mẹ́ta tó tẹ̀ lé e, rw-, jẹ́ ti ẹni tó ni ín, ìyẹn root: ó lè kà, ó lè kọ. Mẹ́ta tó tún tẹ̀ lé ìyẹn jẹ́ ti ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní disk, àwọn náà lè kà, wọ́n sì lè kọ. Àmì mẹ́ta tó gbẹ̀yìn kò ní lẹ́tà kankan nínú, ìyẹn ni pé àwọn tó kù kò ní nǹkan kan níbẹ̀. Nọ́ńbà 8 ń tọ́ka sí driver tó ń bójú tó irú dísìkì yìí, 0 sì dúró fún odindi dísìkì náà. A lè pín dísìkì sí apá tí wọ́n ń pè ní partition. Ti àkọ́kọ́, sda1, á jẹ́ 8, 1. Èkejì á jẹ́ 8, 2.

Ẹ má fojú kéré ẹgbẹ́ disk yẹn. Àwọn tó ń ṣe Debian kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé wíwà nínú ẹgbẹ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ bá agbára root dọ́gba, òótọ́ pọ́ńbélé sì ni. Ẹ wo fáìlì /etc/shadow tí ẹ̀dà ọ̀rọ̀ aṣínà tí a ti dà rú wà nínú rẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ará ìta kò lè ṣí i, nítorí ìyọ̀ǹda orí fáìlì náà kò gbà fún un. Ṣùgbọ́n inú filesystem, ètò tó ń to fáìlì sórí dísìkì, ni wọ́n kọ ìyọ̀ǹda yẹn sí, orí dísìkì sì ni filesystem fúnra rẹ̀ wà. Ẹni tó bá lè ka dísìkì ní tààrà kò nílò kí ó béèrè lọ́wọ́ filesystem rárá. Bó bá wà nínú ẹgbẹ́ disk, tí kọ̀ǹpútà náà sì ń lo ext4 lórí sda1, ìlà kan péré ló máa tẹ̀:

debugfs -R 'cat /etc/shadow' /dev/sda1

Gbogbo ohun tó wà nínú fáìlì náà á jáde sójú rẹ̀. Kernel kò ṣe àṣìṣe kankan níbẹ̀ o. Wọ́n bi í bóyá ẹni yìí lè ka /dev/sda1, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, nítorí ohun tí alábòójútó kọ síbẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni pé kíkà àti kíkọ nìkan ni lẹ́tà orí fáìlì mọ̀, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ tí dísìkì lè ṣe pọ̀ ju méjì lọ. Wọ́n lè ní kí ó sọ orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó ṣe é. Wọ́n lè ní kí ó sùn, kí ó jí, kí ó fi ọ̀rọ̀ aṣínà ti ara rẹ̀ pa, kí ó pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́, tàbí kí ó gba firmware tuntun. Irú ọ̀rọ̀ báyìí kì í gba ọ̀nà kíkà àti kíkọ. Ioctl ló ń gbà kọjá, ìyẹn ìpè tí pírógíráàmù fi ń bá ẹ̀rọ sọ ohun tó ṣe pàtàkì sí ẹ̀rọ yẹn. Èyí tó kàn wá jù nínú wọn ni SG_IO. Ohun tó ń ṣe kò ju pé kí ó gba àṣẹ SCSI bó ṣe wà lọ́wọ́ pírógíráàmù, kí ó gbé e fún dísìkì. Látijọ́, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ ń gbà, ìyẹn /dev/sg0 àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí kernel 2.6 dé, SG_IO bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́ lórí fáìlì dísìkì àti ti CD fúnra wọn. Ìrọ̀rùn ńlá ni, òun náà ló sì bí ewu tí 2.6.8 wá dí.

SCSI ti wà láti àwọn ọdún 1980, ó sì ṣì wà káàkiri. Nínú Linux, flash USB tí ẹ fi sápò ń sọ èdè SCSI, dísìkì SATA inú laptop náà ń hàn bíi SCSI. Àṣẹ SCSI kan kì í ju ìwọ̀nba báìtì lọ, 6, 10, 12 tàbí 16 lọ́pọ̀ ìgbà, báìtì àkọ́kọ́ ló sì ń sọ irú àṣẹ tó jẹ́. Ẹ wo èyí:

28 00 00 00 00 00 00 00 01 00

Báìtì mẹ́wàá ni, a kọ wọ́n ní hexadecimal. 28 túmọ̀ sí pé kí dísìkì kà. Láti báìtì kẹta dé ìkẹfà ni nọ́ńbà sẹ́kítọ̀, ègé kékeré tí dísìkì pín sí, tí kíkà náà á ti bẹ̀rẹ̀, ó sì jẹ́ òdo, ìyẹn ìbẹ̀rẹ̀ pátápátá. Báìtì kẹjọ àti ìkẹsàn-án ń sọ iye sẹ́kítọ̀ tí a fẹ́, ẹyọ kan. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà bá a níwájú.

Ohun tí wọ́n ṣe ní 2004 ni pé kernel bẹ̀rẹ̀ sí í wo báìtì àkọ́kọ́ yẹn. Wọ́n ṣe àtòkọ. Àwọn àṣẹ kan wà tí kò lè ba nǹkan jẹ́, irú bíi 12, tó ń bi ẹ̀rọ léèrè pé ta ni ọ́. Ẹnikẹ́ni tó bá ti lè ṣí ẹ̀rọ náà lè rán wọn. Àwọn mìíràn ń yí ohun tó wà lórí dísìkì padà, irú bíi 2A tó ń kọ̀wé. Ẹni tó bá ṣí ẹ̀rọ náà fún kíkọ nìkan ló lè rán wọn. Èyí tí kò bá sí nínú àtòkọ méjèèjì, ẹni tó bá ní CAP_SYS_RAWIO nìkan ló ni ín. Èyí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbára wẹ́wẹ́ tí Linux ti pín agbára root sí láti ìgbà kernel 2.2. Àṣẹ 3B, WRITE BUFFER, tí a fi ń gbé firmware tuntun wọlé, kò sí nínú àtòkọ kankan. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ń fi àwọn àṣẹ tí kíkọ CD nílò kún un díẹ̀díẹ̀, tí ọkàn àwọn tó ń kọ orin fi balẹ̀. Ẹni tó bá sì ti fi smartctl wo ìlera dísìkì laptop tòkunbọ̀ kí ó tó san owó ní Computer Village n'Íkẹjà, tí ó béèrè sudo lọ́wọ́ rẹ̀, ibí yìí ló ti wá: àṣẹ 85 tí smartctl fi ń bá dísìkì SATA sọ̀rọ̀ kò sí nínú àtòkọ.

Mo gbà pé ìgbésẹ̀ náà dára. Bí kernel bá fẹ́ jẹ́ aṣọ́nà tòótọ́, ó gbọ́dọ̀ gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ kọjá lójú rẹ̀. Àmọ́ àtòkọ náà ní àlébù kan láti ìbẹ̀rẹ̀: orí ẹ̀rọ CD ni wọ́n ń ronú sí nígbà tí wọ́n ṣe é, bẹ́ẹ̀ gbogbo irú ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ṣọ́. Báìtì àkọ́kọ́ kan náà lè túmọ̀ sí nǹkan méjì lórí ẹ̀rọ méjì. Ẹ mú 42. Lórí ẹ̀rọ CD, READ SUB-CHANNEL ni: ó ń béèrè ibi tí orin dé. Kò sí aburú níbẹ̀, wọ́n sì fi í sínú àtòkọ tí ẹni tó ń kà lásán lè rán. Lórí dísìkì tòde òní, 42 kan náà ni UNMAP, tó ń sọ fún dísìkì pé kí ó jọ̀wọ́ àwọn bùlọ́ọ̀kù báyìí báyìí, wọn ò wúlò mọ́. Ẹni tí wọ́n ní kó kà, kó má kọ, á wá ní ọ̀nà láti pa nǹkan rẹ́. Ẹ tún mú A1. Lórí CD, BLANK ni, èyí tí wọ́n fi ń nu CD tó ṣeé tún kọ. Lórí dísìkì SATA, òun ni àpò tí a lè di èyíkéyìí nínú àṣẹ ATA, èdè dísìkì SATA gan-an, sí, irú iṣẹ́ kan náà tí 85 ń ṣe. Wọ́n ti 85, wọ́n ṣí A1 sílẹ̀ fún ẹni tó bá lè kọ. Ní ọdún 2012 ni wọ́n fún àlàfo yìí ní nọ́ńbà, CVE-2012-4542, Red Hat sì tún kernel tirẹ̀ ṣe lórí rẹ̀ ní 2013. Wọ́n ka ewu rẹ̀ sí kékeré. Ní tèmi, àlébù tó bá mú kí "kà nìkan" má túmọ̀ sí kà nìkan mọ́ kò kéré lójú ẹni tó gbé dátà rẹ̀ lé ọ̀rọ̀ yẹn.

Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ti ṣáájú ìyẹn díẹ̀, ọ̀rọ̀ partition ni. Nígbà tí pírógíráàmù bá ka partition lọ́nà tó wọ́pọ̀, kernel máa ń ṣe ìṣirò kan. Ẹ jẹ́ ká ní sda3 bẹ̀rẹ̀ láti sẹ́kítọ̀ 2099200 lórí dísìkì. Pírógíráàmù ní òun fẹ́ sẹ́kítọ̀ 5 nínú sda3. Kernel á fi 5 kún 2099200, á wò ó bóyá èsì rẹ̀ kò kọjá òpin sda3, lẹ́yìn náà ni á tó ka 2099205. Pírógíráàmù kò mọ ohun tó wà lẹ́yìn ààlà tirẹ̀, kò sì lè dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fi SG_IO rán báìtì mẹ́wàá tí a rí lẹ́ẹ̀kan sí sda3, inú báìtì yẹn ni nọ́ńbà sẹ́kítọ̀ wà, kernel kì í sì í fọwọ́ kàn án. Dísìkì ní tirẹ̀ kò mọ ohun tó ń jẹ́ partition. Òdo tó rí, òdo odindi dísìkì ló kà á sí, á ka sẹ́kítọ̀ àkọ́kọ́ gbogbo dísìkì, á sì gbé e fún ẹni tí wọ́n fún ní sda3 nìkan. Ó dà bí ayálégbé inú ilé face-me-I-face-you tí wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ yàrá kan ṣoṣo, àmọ́ tó jẹ́ pé bí ó bá yọjú lójú fèrèsé, tó ní kí alábòójútó ilé bá òun kó ẹrù inú yàrá kẹta wá, alábòójútó á lọ kó o wá láìbéèrè ẹni tó ni ín.

Lórí kọ̀ǹpútà tí ẹnì kan ṣoṣo ń lò, ewu yẹn lè má hàn tó bẹ́ẹ̀. Lórí sáfà tí ọ̀pọ̀ èèyàn jọ ń lò ló ti di àjálù. Àwọn tó ń yá ni ní sáfà máa ń gbé ọ̀pọ̀ virtual machine sórí kọ̀ǹpútà ńlá kan, wọn á sì fún àlejò kọ̀ọ̀kan ní partition tàbí LVM tirẹ̀ bíi dísìkì. Nínú KVM, ètò tí Linux fi ń gbé virtual machine, dísìkì virtio tí wọ́n bá ṣí SG_IO sílẹ̀ lórí rẹ̀ á gba àṣẹ lọ́wọ́ àlejò, á sì gbé e fún kernel agbàlejò. Root ni àlejò jẹ́ nínú kọ̀ǹpútà tirẹ̀, kò sí ẹni tó lè dá a dúró níbẹ̀. Ó lè ka dátà àwọn àlejò yòókù tí wọ́n jọ wà lórí dísìkì kan, ó lè kọ nǹkan sí i, ó sì lè dé ọ̀dọ̀ agbàlejò fúnra rẹ̀. CVE-2011-4127 ni wọ́n pè é. Paolo Bonzini ti Red Hat ló kọ àtúnṣe rẹ̀, ó sì wọ kernel 3.2.2 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2012. Àtúnṣe náà kò díjú: bí ohun tí wọ́n ṣí kì í bá ṣe odindi dísìkì, kernel kò ní gbé àṣẹ SCSI kọjá mọ́ fún ẹni tí kò bá ní CAP_SYS_RAWIO. Ẹni tó bá ní in á kọjá, ṣùgbọ́n kernel á kọ orúkọ pírógíráàmù rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ pé ó ń rán ioctl sí partition. Ọ̀pọ̀ alábòójútó sáfà ló rí ìlà yẹn nínú dmesg wọn nígbà náà, tí wọ́n ń béèrè ohun tó ń ṣẹlẹ̀.

Lẹ́yìn SCSI ni NVMe dé, dísìkì tó yára tó sì ń hàn bíi /dev/nvme0n1. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Linux ti ọ̀nà tààrà rẹ̀ pa pátápátá. Bí ẹ kò bá ní CAP_SYS_ADMIN, kò sí àṣẹ tí ẹ lè rán, ìyọ̀ǹda yòówù kó wà lórí fáìlì náà. Kò sí àlàfo níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó le jù: ẹni tó fẹ́ kà lásán lọ́nà tó yára gbọ́dọ̀ gba agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ti root, irú agbára bẹ́ẹ̀ tó bá sì bọ́ sọ́wọ́ pírógíráàmù tó lábùkù, ewu rẹ̀ ju ti dísìkì lọ. Kanchan Joshi, ẹlẹ́rọ ní Samsung, ló ṣiṣẹ́ lórí títú u sílẹ̀, iṣẹ́ náà sì jáde nínú Linux 6.2 ní oṣù Kejì ọdún 2023. Láti ìgbà náà, ẹni tó ṣí fáìlì fún kíkà lè rán àṣẹ kíkà, ẹni tó ṣí i fún kíkọ lè rán àṣẹ kíkọ. Àṣẹ ìṣàkóso kò ṣí sílẹ̀ àyàfi ìwọ̀nba àwọn tó ń béèrè irú ẹ̀rọ tó jẹ́. Àṣẹ tí ilé iṣẹ́ kan ṣe fún ara rẹ̀ wà lọ́wọ́ CAP_SYS_ADMIN nìkan.

Ohun méjì dùn mọ́ mi nínú iṣẹ́ 6.2 yìí. Èkíní ni pé kernel kò gbára lé àtòkọ tí ẹnì kan jókòó ṣe lọ́dún gbọọrọ sẹ́yìn. NVMe ní àkọsílẹ̀ kan tí dísìkì fi ń sọ àwọn àṣẹ tó mọ̀ àti ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yí padà. Kernel á ka àkọsílẹ̀ yẹn, bí dísìkì bá sì sọ pé àṣẹ kan ń ṣe ju pé kí ó yí dátà padà lọ, kò ní jẹ́ kí aláìlágbára rán an. Wàhálà 42 àti A1 kò lè wáyé lọ́nà yẹn mọ́, nítorí ẹ̀rọ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ gan-an ló ń túmọ̀ èdè ara rẹ̀. Òótọ́ ni pé a wá ń gbọ́kàn lé firmware pé kò ní parọ́, ṣùgbọ́n firmware tó bá ń parọ́ ti ní dátà yín lọ́wọ́ tẹ́lẹ̀. Èkejì ni pé kí 6.2 tó jáde, Christoph Hellwig fi gbólóhùn kan kún kóòdù náà tó sọ pé aláìlágbára kò gbọ́dọ̀ rán àṣẹ tààrà sí partition. Àlàfo ọdún 2011 gan-an ló fẹ́ tún wọlé lórí ẹ̀rọ tuntun, wọ́n sì dí i kí ó tó ṣe ẹnikẹ́ni ní jàǹbá. Bí ó ṣe yẹ kí ìrírí wúlò nìyẹn.

Kódà root gan-an kò bọ́ lọ́wọ́ ìbéèrè mọ́. Láti Linux 6.8, tó jáde ní oṣù Kẹta ọdún 2024, ẹni tó ń kọ́ kernel lè yàn pé kí ẹnikẹ́ni má lè ṣí dísìkì fún kíkọ nígbà tí wọ́n bá ti mount filesystem tó wà lórí rẹ̀. Ẹni tó bá kọ nǹkan sábẹ́ filesystem tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ lè dojú kernel fúnra rẹ̀ bolẹ̀. Docker náà kì í fún container ní CAP_SYS_RAWIO tàbí CAP_SYS_ADMIN, kì í sì í fi dísìkì agbàlejò hàn án, àyàfi tí èèyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ní kó ṣe bẹ́ẹ̀, irú bíi kí ó tẹ --privileged. Ẹni tó bá tẹ ẹ́ ti tú gbogbo ohun tí mo ti ń ròyìn láti òkè ká lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Gbogbo iṣẹ́ yìí kò lè gba ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ọ̀nà sílẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń bójú tó kọ̀ǹpútà Linux, ì báà ṣe laptop yín tàbí sáfà tí ẹ yá, ẹ tẹ id kí ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ tí orúkọ yín wà. Bí ẹ bá rí disk níbẹ̀, tí ẹ kò sì lè sọ iṣẹ́ pàtó tó gbé e débẹ̀, ẹ fi gpasswd -d yọ ọ́. Ẹ tẹ getent group disk kí ẹ wo àwọn ẹlòmíràn tó wà níbẹ̀ pẹ̀lú, títí kan orúkọ tí kì í ṣe ti èèyàn bí kò ṣe ti pírógíráàmù. Kí ẹ tó fi --privileged sí container kankan, ẹ wá agbára kan ṣoṣo tó nílò gan-an, ìyẹn nìkan ni kí ẹ fún un. Bí ẹ bá sì ń gbé virtual machine fún àwọn ẹlòmíràn, ẹ rí i dájú pé kernel agbàlejò yín kì í ṣe èyí tí wọ́n ti pa tì láìtún un ṣe, nítorí dátà oníbàárà tó fọkàn tán yín ló wà ní apá kejì ààlà partition yẹn.